Ta Ni Ṣaworoidẹ Ń Dún Fún? Àríyànjiyàn Wa Lórí Àwọn Fíìmù Túndé Kèlání

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lójú ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ fíìmù ṣe wúwo tó láàárín wa, ẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sabon Gari, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn jẹun yó, kí ẹ wá béèrè pé nínú gbogbo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe, èwo ló dára jù. Àwọn tí wọ́n jọ ń bu òkèlè nínú àwo kan náà á pínyà lójú ẹsẹ̀.

Ta ni kò mọ Túndé Kèlání? Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ló gbé dàgbà, ibẹ̀ ló sì ti rí ọ̀pọ̀ nínú àṣà tó ń fi hàn wá. Iṣẹ́ kámẹ́rà ló kọ́kọ́ ṣe, ó ṣe é ní tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ fíìmù ní London, ó sì bá àwọn ẹlòmíràn ya fíìmù kí ó tó dá ilé iṣẹ́ Mainframe tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó tún ń jẹ́ Opómúléró. Láti inú ilé iṣẹ́ yìí ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti jáde ní 1993, Kòṣeégbé ní 1995, Ó Le Kú ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999, Thunderbolt tí gbogbo wa ń pè ní Mágùn ní 2001, àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002. A mọ̀ pé ó ti ṣe púpọ̀ lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń dá ìjà sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ńlá ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá bá wa ní Òkè Ọya níbí, lẹ́yìn náà ó di CD, lónìí orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń wò wọ́n.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni èyí: bí èèyàn méjì bá wo fíìmù kan náà, tí ọ̀kan ní ó ń tọ́ ni sọ́nà, tí èkejì ní ó ń ṣì ni lọ́nà, ṣé ọ̀kan nínú wọn kò lójú ni? Àbí fíìmù dà bí ọbẹ̀ ni, tí kálukú á fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ wò, tí kò sì sí ẹni tí a lè sọ fún pé ẹnu rẹ̀ ń tàn án? Àwọn kan máa ń fi ìyẹn pa ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Wọ́n á ní “ohun tó wu kálukú ni”. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ là ń sọ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ń sọ irú èèyàn tó yẹ kó jọba, tó ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí olè, èyí tó wù ẹ́ nínú rẹ̀ máa ń hàn nínú ìwà rẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀. Kareem Adepoju tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Wándé ló ni ìtàn náà, òun náà ló sì ṣe olóyè tó lẹ̀dí àpò pọ̀ láti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe títà, kí wọ́n lè kọ́ ilé epo sórí rẹ̀. Àwọn àgbà wa fẹ́ràn fíìmù yìí ju gbogbo ìyókù lọ, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ta ni nínú àwa tó wà ní ìdálẹ̀ tí kò mọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sílé láti ra ilẹ̀, tó wá délé nígbà ọdún tó bá òrùlé ẹlòmíràn lórí rẹ̀? Ogún ọdún lèèyàn fi ta ọjà lábẹ́ oòrùn Kano, àbúrò bàbá ló tà á fún ẹni mẹ́ta. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí i nínú fíìmù tí ikú ń mú àwọn tó ta ilẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á pàtẹ́wọ́. A kò lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn kì í pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ní: “Ẹni tó ta tèmi ṣì wà láyé, ó tún ti kọ́ ilé kejì. Èwo ni ti pé ilẹ̀ ń gbẹ̀san?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Ó ń sọ pé fíìmù náà parọ́, pé ó fi ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ tù wá nínú. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á fèsì pé ìtàn kì í ṣe ìròyìn. Pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwa gba èsì yìí dé ààyè kan. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ẹni tó wo fíìmù náà tán tó wá fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ lé àwọn baba ńlá lọ́wọ́, tí kò wá lọ́yà, tí kò ya sọ́fíè, tí kò gba ìwé. Àwọn baba ńlá kì í lọ sí kóòtù.

Ṣaworoidẹ ni ìjà gbóná sí jù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹni tó fi wá sílẹ̀ ní 2018, ló kọ ọ́. Ìlú Jogbo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Májẹ̀mú kan wà láàárín ọba àti ìlú: ẹni tí yóò bá dé adé idẹ gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù, kí ó sì bá ìlú mulẹ̀ pé òun kò ní dalẹ̀. Bí ó bá dé adé náà láìṣe ohun tó yẹ, ọjọ́ tí ọmọ Àyàn tó ni ẹ̀tọ́ bá lu ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité fẹ́ jọba ṣùgbọ́n kò fẹ́ búra, nítorí ó mọ ohun tó fẹ́ wá jẹ. Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́: igbó Jogbo di ti àwọn agégẹdú, owó gẹdú di ti ọba àti àwọn ìjòyè, ìlú gbẹ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde, ọba ránṣẹ́ sí ológun. Ológun yìí, Lágàta, gba ìjọba fún ara rẹ̀, ó sì dé adé idẹ. Ìlù dún.

Ẹ rántí ọdún tí fíìmù náà jáde. Abacha kú ní oṣù Okúdù 1998, ìjọba alágbádá padà wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 1999. Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ láti mọ ìlú tí Jogbo jẹ́. Àwọn tó wò ó nígbà náà ń sọ títí dòní pé nígbà tí Lágàta ṣubú, ṣe ló dà bíi pé ẹrù kan bọ́ lórí àwọn náà.

Níbí ni ẹgbẹ́ méjì ti kọlu ara wọn. Ẹgbẹ́ kan ní fíìmù yìí ló dára jù ní èdè Yorùbá, pé ó sọ ọ̀rọ̀ ìjọba ju gbogbo ìwé ìròyìn lọ. Ẹgbẹ́ kejì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó kàwé, ní ó ti kó àṣà burúkú ran wa. Wọ́n ní: “Ẹ wò ó, ìlú tí olè ń jọba lé lórí, àfi ìgbà tí ìlù idán dún ni ọ̀nà là. Kí ni àwọn ará ìlú fẹ́ rí kọ́? Kí wọ́n máa retí ìlù?” Wọ́n tún ní Lápité kò kú ikú ìlù, ológun ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà májẹ̀mú náà kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ dà á.

Àwa fẹ́ dá sí èyí. A rò pé àwọn ọ̀dọ́ wa wo ìlù náà, wọn kò wo àwọn tó gbé e. Ìlù kò dún fúnra rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e pamọ́ ní gbogbo ọdún tí ọba ń wá a. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń lù ú. Àwọn kan gbọ́dọ̀ gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu ń ya ìlú. Ẹ rántí Bàbá Ọ̀pálábá, tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, tó ń fi òwe àti orin ta ọba létí láàárín ọjà bí ẹni pé eré ló ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ Jogbo náà kò sì jókòó. Bí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá ṣẹlẹ̀, igi àti awọ lásán ni ṣaworoidẹ ì bá jẹ́. Ohun tí Lápité bẹ̀rù kì í ṣe idán, ẹ̀rí ni: pé ẹnì kan ṣì wà tó rántí ohun tó yẹ kó búra lé lórí.

Ṣùgbọ́n a fún àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀tọ́ wọn lórí Agogo Èèwọ̀. Nínú èyí tó tẹ̀lé Ṣaworoidẹ, Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, di ọba Jogbo, èèyàn rere ni, ó fẹ́ tún ìlú ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tó bá láàfin ti mọ́ jíjẹ lára. Ìbúra àti agogo ló wá yanjú wọn. Níbí, ó dà bíi pé agogo ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí adájọ́ ṣe. Ọdún 2002 là ń sọ yìí o, ìjọba alágbádá ti pé ọdún mẹ́ta. Bí èèyàn bá ní ìlù ló yẹ kó lé ológun, a gbà, nítorí kò sí kóòtù tí à bá gbé ológun lọ. Àmọ́ bí a bá ti dìbò, tí a ní ilé aṣòfin, tí a ní adájọ́, kí ni agogo tún ń ṣe? Lójú tiwa, fíìmù náà dára láti wò, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán nìyí, kí ó rántí bí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ṣe ń rí nígbà tí owó bá sọnù. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní ìdálẹ̀ tí ẹnì kan kò ní dìde nípàdé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ pé: “Ẹ gbé irin wá, kí olúkúlùkù búra.” Lójú ẹsẹ̀, mùsùlùmí á ní òun kò ní fi ẹnu kan irin, onígbàgbọ́ á ní Bíbélì kọ̀ ọ́, ìpàdé á tú. Àwa kò sí lẹ́yìn irin. Ẹni tó jalè tí kò bẹ̀rù irin á búra, kò ní kú, owó á sì bá a lọ. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè kò ní búra, ẹ ó sì máa pè é lólè. Ìwé owó tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀ wò lóṣooṣù sàn ju irin lọ. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Ṣaworoidẹ mọ̀ tí ìwé owó kò mọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà ní ìbúra tí gómìnà àti ààrẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó jókòó, wọ́n sì ń ṣe é pẹ̀lú Bíbélì tàbí Kùránì lọ́wọ́. Kí ló dé? Nítorí kì í ṣe ìyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ìbúra wà fún. Ó wà kí èèyàn lè sọ létí gbogbo ayé, kí ó tó fọwọ́ kan owó, pé òun mọ̀ pé owó yìí kì í ṣe tòun. Ìdí nìyí tí kíkọ̀ tí Lápité kọ̀ láti búra fi yẹ kó ta àwọn ará Jogbo lólobó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n dákẹ́. Fíìmù náà kò bo ìdákẹ́jẹ́ wọn mọ́lẹ̀, ìyẹn ni a sì fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Mágùn díẹ̀, nítorí ó kan àwa tó ń gbé láàárín ẹ̀yà mìíràn ju ẹni tó wà nílé lọ. Ngozi, ọmọ Igbo, fẹ́ Yínká, ọmọ Yorùbá, tí wọ́n pàdé níbi ìsìnrú ìlú. Yínká gbọ́ àhesọ pé ìyàwó òun ń yan àlè, ó sì fi mágùn sí i lára. Ọ̀pọ̀ nínú wa bínú sí fíìmù yìí nígbà tó jáde, àwọn kan ṣì ń bínú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé bí ọmọbìnrin yín bá fẹ́ Yorùbá, oògùn ni yóò bá nílé ọkọ. Bí ìyá Nupe tàbí ti Tiv kan bá wò ó, ṣé á jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ wa? Àwọn aládùúgbò wa tó ń ṣe fíìmù Hausa náà mọ irú ìbéèrè yìí. Láti 2001 ni ìjọba Kano ti gbé ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kalẹ̀, tí àríyànjiyàn kò sì tán lórí pé ta ló ni àṣẹ láti sọ pé fíìmù kan ń ba orúkọ wa jẹ́.

Àwọn tó ń gbèjà Mágùn ní tiwọn máa ń sáré sọ pé òótọ́ ni mágùn, ó wà. Àwọn dókítà inú wa á ní irọ́ ni. Wọ́n á sì jókòó ti ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwa rò pé wọ́n jọ ṣìnà ni. Yálà mágùn wà tàbí kò sí, Yínká ti ṣẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ó ṣẹ̀ ní ọjọ́ tó gba àhesọ gbọ́ tí kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Ẹ mú oògùn kúrò nínú ìtàn náà, ẹ fi ẹ̀gún ẹnu, tàbí ìyà, tàbí lílé síta rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn tó sì ní fíìmù náà fi Yorùbá hàn ní ẹni ibi gbàgbé pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó sáré kí Ngozi má baà kú, tí wọ́n sì gba dókítà tó fi ara rẹ̀ wewu sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Bí ìyá Nupe yẹn bá wò ó dópin, ohun méjì ló máa rí. Ẹ̀rù tiwa ni pé ọ̀pọ̀ kì í wo fíìmù dópin.

Ọ̀rọ̀ Ó Le Kú kò ní pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìró àti bùbá òlekú padà wọ ìgbà nítorí rẹ̀, àwọn ìyá wa sì ń fi ìdùnnú rántí Ìbàdàn ayé ọjọ́un. Àwọn ọkùnrin ń yọ̀ mọ́ Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní Àṣàkẹ́, tó ní Lọlá, tó tún ní Ṣadé. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn obìnrin léèrè nígbà tí ọkọ wọn kò sí nítòsí. Wọ́n á sọ fún yín pé ọkùnrin tí kò lè pinnu, tó ń jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa retí, ni Àjàní. Àwa gbè sẹ́yìn àwọn obìnrin.

Ó ku àwọn ọmọ wa. Hausa ni wọ́n ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju ti “wá jẹun” àti “ta ló ń pè ẹ́” lọ. Wọ́n ní àwọn fíìmù àtijọ́ yìí ń falẹ̀. Àwọn àgbà á bínú, wọ́n á pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Ìbínú kò ṣe é. Ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ àwòrán ló fi ń gbọ́ ohun tí Ọ̀pálábá ń sọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ló dé etí rẹ̀, adùn òwe náà sì ti dà nù sọ́nà. Kò ṣeé ṣe kó máà falẹ̀ lójú rẹ̀. A kò lè ní kí ó má dájọ́, ṣùgbọ́n a lè sọ fún un pé ẹjọ́ tó dá, apá kan ló gbọ́. Kí a sì sọ ọ́ fún àwọn àgbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ti dájọ́ Ayinla tí wọn kò tíì wò ó rárá.

Ayinla, tó jáde ní 2021, ni àwọn ọmọ fẹ́ràn. Ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà ni, ọba àpàlà, tí wọ́n pa nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta ní oṣù Èbìbí 1980. Àwọn tó gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ní kò yẹ kí wọ́n gbé ìbínú àti obìnrin rẹ̀ síta bẹ́ẹ̀, pé òkú kì í rojọ́. Àwọn ọmọ ní bí wọ́n bá yọ ìbínú kúrò, kí ló kù nínú orin náà? Àwa kò tíì mọ ẹni tí a ó gbè sẹ́yìn nínú èyí. Ohun tí a rí ni pé láti ìgbà tí fíìmù yìí ti dé, àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ ju orin ìgbàlódé lọ ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn pé kí ló yàtọ̀ nínú àpàlà àti sákárà, àwọn bàbá sì ti ń wá ìdáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n.